Ìfarapa tí kò ní ojú: èmi ò gba «ọgbẹ́ ikùn», mi ò sì gba «okùnfà ewu»

Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Iléṣà dábàá pé kí a máa pe ìjàǹbá tó bá ikùn láìya awọ ní «ọgbẹ́ ikùn», kí ohun tó ń dín ìrètí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ kù sì máa jẹ́ «okùnfà ewu». Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n.

Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Lágere ní Ifẹ̀ níbí kí ni ọgbẹ́ inú tàbí ọgbẹ́ ikùn, «ulcer» tí wọ́n ní àìjẹun lásìkò ń fà ni yóò kọ́kọ́ bá yín sọ. Èyí tó burú jù ni pé ọgbẹ́ ṣeé rí. Ẹni tí ọwọ́ ọ̀kadà gbá nikùn lọ́nà Ifẹ̀ sí Iléṣà lè dìde, kó gbọn aṣọ rẹ̀, kó ní kò sí nǹkan kan, nígbà tí ẹ̀dọ̀ ti ya, tàbí ọlọ inú tó wà lábẹ́ ìhà òsì, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dà sínú. (Ibà tó ti mú ọlọ inú wú a máa jẹ́ kó tètè ya.) Ìfun tó lu kì í tètè fi ara hàn. A ó wo ara rẹ̀, a ò ní rí ọgbẹ́, a ó ní kó lọ sùn.

«Ìfarapa ikùn aláìlójú» ni tèmi, bí éwo tí kò tíì lójú. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ bí afọ́jú, kó gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ní ti «okùnfà», ọ̀kadà ni okùnfà. Ọjọ́ ogbó kọ́ ló gbá a. Bípì (ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) tó ti já wálẹ̀ kó tó dé ilé ìwòsàn, orí tó tún fara pa, ẹ̀yà inú tó bàjẹ́ ju ẹyọ kan lọ, ẹ̀jẹ̀ tí a ò tètè rí fà sí i lára: gbogbo wọn dá kún un ni. Nítorí náà, «adákún-ewu». Ẹnìkan ti sọ «abùkún-ewu». Ta ló ń tọrọ ìbùkún ewu?

Pípẹ́ kí aláìsàn tó dé ilé ìwòsàn ni adákún-ewu tí ará ọ̀nà lè ṣe nǹkan sí. Bí a bá máa lẹ ìkìlọ̀ nípa ìfarapa yìí mọ́ ògiri gáréèjì, ẹ jẹ́ kí àmì ṣáájú orúkọ: ikùn tó ń le, òógùn tútù, òyì, èjìká òsì tó ń dun ẹni tí kò fi èjìká ṣubú. Kí wọ́n gbé e lọ kíá, kí wọ́n má sì fún un ní oúnjẹ tàbí omi.