Irinṣẹ́ AI wo ni kí n fi tún fọ́tò Bàbá ṣe?

Ọmọ Ìsánlú, Leeds:

Ẹ̀yin ará ilé, òkun o. Púpọ̀ nínú yín ti gbọ́ pé Bàbá wa papò dà, inú oṣù tó ń bọ̀ la ó sì sin wọ́n nílé ní Ìsánlú. Èmi ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi gbé ìwé ètò ìsìnkú àti báńà lé lọ́wọ́, nítorí wọ́n ní èmi ni mo ní kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe, n kò mọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ ọnà. Fọ́tò kan ṣoṣo tí gbogbo wa fara mọ́ ni èyí tí Bàbá àti Màmá jọ yà ní ọdún 1984, tó wà nínú fúréèmù lára ògiri pálọ̀. Àbúrò mi fi fóònù yà á, ó sì fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ṣùgbọ́n iná gílóòbù kọ mọ̀nà lára gíláàsì rẹ̀, ojú Bàbá ṣú, àbàwọ́n omi sì ti jẹ igun kan nínú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni kí n yọ Bàbá nìkan jáde, kí ojú wọn hàn kedere, kí n sì fi àwọ̀ kan ṣoṣo sí ẹ̀yìn wọn. Bí mo bá wá áàpù tó ń fi AI tún fọ́tò ṣe, ó lé ní ogún tó ń yọjú, gbogbo wọn ló sì ń pe ara wọn ní ọ̀fẹ́ títí mo fi máa tẹ ibi tí n ó ti gba iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ẹ̀yin ti lò tí kò dójú tì yín?

Ọmọ Kàbà, Houston:

Àbúrò mi, o kú aráfẹ́rakù. Ọlọ́run á tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere, á sì dá Màmá sí fún yín. Kí o tó wá áàpù kankan, fọ́tò náà gan-an ni kí a kọ́kọ́ mójú tó, nítorí WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè fúyẹ́, ohun tó bá sì dànù lójú ọ̀nà, AI kò lè rí i he, àfi kó méfò. Sọ fún àbúrò rẹ kó yọ fọ́tò náà kúrò nínú fúréèmù, kó gbé e sí ẹnu ọ̀nà ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú, kó má sì tan iná fóònù. Bó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, kó má fi agbára yọ ọ́ o, yóò ya mọ́ ọn lọ́wọ́. Kó jẹ́ kó wà níbẹ̀, kó wá lo PhotoScan, áàpù ọ̀fẹ́ tí Google gbé jáde ní ọdún 2016. Yóò ya fọ́tò náà lẹ́ẹ̀kan, yóò fi àmì róbótó mẹ́rin hàn án, yóò ní kó gbé fóònù dé orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, lẹ́yìn náà ni yóò pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan tí kò ní ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mọ̀nà lára mọ́. Bó bá parí, kó fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document lórí WhatsApp kan náà, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bíi fọ́tò. Bó ṣe kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ni yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Ní ti àwọn áàpù, ohun tó yé mi lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ṣe kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ìlú wa níbí ni pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé AI ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀. Àwọn kan ń mọ ibi tí ènìyàn parí sí àti ibi tí ògiri ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì gé e jáde. Ìyẹn kò léwu, nítorí wọn kò fi kún ohun tó wà nínú fọ́tò. Àwọn kejì ń fi orí ara wọn hùmọ̀ ohun tí wọ́n rò pé ó yẹ kó wà níbẹ̀, àwọn wọ̀nyí la sì gbọ́dọ̀ ṣọ́.

Fún gígé, kò sídìí tí o fi máa sanwó. Bó bá jẹ́ iPhone lo ní, láti iOS 16 (ètò tó ń darí iPhone) ti ọdún 2022 ni o ti lè tẹ ọwọ́ mọ́ ara Bàbá nínú fọ́tò náà títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi yí wọn ká, kí o gbé wọn kúrò níbẹ̀, kí o sì lẹ̀ wọ́n sí ibi tó wù ọ́. Adobe Express náà ń yọ ẹ̀yìn fọ́tò kúrò lọ́fẹ̀ẹ́. Canva rọrùn jù wọ́n lọ láti to ìwé ètò, ṣùgbọ́n àwọn tó ń san owó oṣooṣù ni wọ́n ya bọ́tìnì tó ń yọ ẹ̀yìn fọ́tò sọ́tọ̀ fún. Nítorí náà, ibòmíràn ni mo ti máa ń gé fọ́tò tèmi kí n tó gbé e wọ Canva. Fún pípa nǹkan kékeré rẹ́, irú bí àbàwọ́n omi yẹn, Magic Eraser wà nínú Google Photos, wọ́n sì ti ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ láti oṣù karùn-ún ọdún 2024. Snapseed náà ní irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Healing tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun kan wà tó máa ń mú àwọn ènìyàn wa. Ìwé A4 tí wọ́n máa tẹ̀ kó dán ń fẹ́ nǹkan bíi píksẹ́lì (àwọn àmì tín-ín-tín tó para pọ̀ di fọ́tò) 2480 ní ìbú àti 3508 ní òró, èyí tí gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́jọ ààbọ̀ lọ. Àwọn ibi ìgéfọ́tò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń fún ọ ní èyí tó kéré lọ́fẹ̀ẹ́, tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin mílíọ̀nù kan lọ. Lójú fóònù, á máa dán gbinrin. Bó bá dé orí ìwé, ojú Bàbá á wá dà bí ẹni tó wà lẹ́yìn àwọ̀n ẹ̀fọn. Wo ìwọ̀n fọ́tò náà kí o tó yìn ín. Ti báńà kò le tó bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀ọ́kán ni wọ́n ti máa ń wò ó.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀, Dublin:

Ẹ kú aráfẹ́rakù o. Òótọ́ lẹ̀gbọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ti ojú kún un, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Nígbà tí a fẹ́ ṣe ìrántí ìyá ìyá mi, mo gba áàpù kan tó ń sọ pé òun máa ń sọ fọ́tò àtijọ́ di ọ̀tun. Ìyá wa jẹ́ ọmọ Yàgbà pọ́nńbélé, wọ́n kọlà: ìlà gígùn mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, tó jìnnà síra ní apá etí, tó wá ń súnmọ́ra títí tó fi pàdé ní igun ẹnu. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni áàpù náà lò. Ó ṣe bí ẹni pé ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ́ ibi tí fọ́tò náà ti sán, ó sì dí wọn pa. Ó mú àwọ̀ wọn pọ́n, ó tẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn bí ẹni lọ aṣọ, ó tún la ẹnu wọn díẹ̀, ó sì to eyín funfun báláú sí i, bẹ́ẹ̀ wọ́n pa ẹnu dé nínú fọ́tò gan-an ni. Mo fi ránṣẹ́ sílé pẹ̀lú ayọ̀. Ohun tí àǹtí mi tó dàgbà jù kọ padà kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: "Ta nìyí?"

Láti ìgbà náà, n kì í fi fọ́tò òkú dán áàpù wò. Fọ́tò ara mi ni mo máa ń lò: n ó ya ara mi, n ó sọ fọ́tò náà di kékeré, n ó bà á jẹ́ díẹ̀, n ó wá ní kí áàpù náà tún un ṣe. Ojú tí mo ń rí nínú dígí lójoojúmọ́ ni, nítorí náà, bó bá yí imú mi padà, bó bá pa àmì dúdú tó wà lábẹ́ ojú mi rẹ́, n ó rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Áàpù tó bá yí ojú alààyè padà kò ní ṣàánú ojú ẹni tó ti lọ. Bí mo bá sì rí èyí tó sàn díẹ̀, mo máa ń wá ibi tí mo ti lè dín agbára rẹ̀ kù, kó má ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, kí fọ́tò náà ṣì dà bí èyí tí wọ́n yà ní ayé ìgbà yẹn. Ó sàn kí ojú ṣú díẹ̀ ju kó jẹ́ ojú ẹlòmíràn.

Ẹ má gbàgbé aṣọ náà o. Bí Bàbá bá wọ aṣọ òkè, tàbí tí ẹnìkan nínú fọ́tò bá fi aṣọ pupa tí àwọn Bùnú máa ń hun bora, ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú kí ẹ sì wo ọnà rẹ̀ dáadáa, torí AI máa ń fi ọnà tí ẹnikẹ́ni kò hun rí dípò rẹ̀.

Ọmọ Mòpà, Toronto:

Mo gbà pẹ̀lú ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ lórí ojú, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé kí a sá fún irinṣẹ́ tó ń hùmọ̀ pátápátá. Igun fọ́tò bàbá tèmi ti ya dànù, etí agbádá wọn sì bá a lọ. Mo lo Generative Fill tó wà nínú Photoshop láti ọdún 2023, mo yí ibi tó ya nìkan ká, ó sì parí etí agbádá náà láìfọwọ́ kan ibòmíràn. Kókó tó wà níbẹ̀ nìyẹn: irinṣẹ́ tó jẹ́ kí o fi ọwọ́ yan ibi tí yóò ti ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí o kàn ń bá sọ̀rọ̀. Bí mo bá gbé fọ́tò fún ChatGPT tí mo ní kó yọ àga kúrò, ó máa ń tún gbogbo àwòrán náà yà ni, ojú náà á sì bá a yí, bí mo tilẹ̀ kọ ọ́ sí i pé kó má fọwọ́ kan ojú. Gemini ti Google ti ń di ojú mú dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ mo ṣì máa ń gbé tuntun àti ti àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn wò.

Ní ti owó, ẹ ṣọ́ra fún ìdánwò ọ̀fẹ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Ọ̀kan gba owó lọ́wọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà léraléra kí n tó mọ̀, nítorí mo rò pé bí mo bá ti yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù, ó parí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú àkáǹtì yín ní App Store tàbí Play Store ni ẹ ti máa fagi lé e, ẹ sì lè ṣe é lọ́jọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ gan-an. Bí ẹgbẹ́ ìlú yín bá ti forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ aláàánú, ẹ kọ̀wé sí Canva, wọ́n ní ètò ọ̀fẹ́ fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, bọ́tìnì tí ẹ̀gbọ́n sọ sì wà nínú rẹ̀.

Kí n tó gbàgbé, ẹ má ṣe lo ìkankan nínú ìwọ̀nyí fún fọ́tò pásípọ́ọ̀tù o. Òfin Britain ni pé kọ̀ǹpútà kò gbọdọ̀ yí fọ́tò náà padà, Amẹ́ríkà náà kò sì gbà kí wọ́n fi AI tún fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ṣe.

Ọmọ Ìsánlú, Leeds:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Àbúrò mi yọ fọ́tò náà láti inú fúréèmù láìya, ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí, ìgbà tó sì fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document ni mo rí i pé ojú Bàbá kò tilẹ̀ ṣú, òjìji àbúrò mi ló bò ó nígbà àkọ́kọ́. Nítorí náà, n kò fi áàpù kankan kan ojú wọn. Snapseed ni mo fi mú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gbé sókè díẹ̀, Google Photos ló pa àbàwọ́n omi rẹ́, mo sì fi ìka gbé Bàbá kúrò lára ògiri lórí iPhone mi. N kò san kọ́bọ̀.

Lálẹ́ àná, mo pe Màmá lórí fídíò, mo sì fi fọ́tò náà hàn wọ́n. Wọ́n gbé fóònù súnmọ́ ojú, wọ́n ka ìlà ojú Bàbá jẹ́ẹ́jẹ́, mẹ́ta ọ̀tún, mẹ́ta òsì, wọ́n mi orí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé, "Ọwọ́ mi dà?" N kò kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ọwọ́ wọn ló wà ní èjìká Bàbá nínú fọ́tò náà, èmi ni mo pa á rẹ́ pẹ̀lú Magic Eraser kí èjìká náà lè mọ́. Màmá ní kí n dá ọwọ́ àwọn padà síbi tó wà. Ẹ̀gbọ́n, báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí kò fi ní dà bí ọwọ́ tó já bọ́ láti ojú ọ̀run?

Ọmọ Kàbà, Houston:

Má wulẹ̀ ní kí AI ya ọwọ́ tuntun fún Màmá, nítorí ìka ni ó tètè máa ń ṣì kà. Padà sí fáìlì tí àbúrò rẹ fi ránṣẹ́, má sì gé Bàbá nìkan mọ́. Gé fọ́tò náà fẹ̀ sí apá ọ̀dọ̀ Màmá, kí ọwọ́ wọn wọlé dé ìgbọ̀nwọ́, kí etí aṣọ wọn sì hàn, kí ẹni tó bá mú ìwé ètò náà dání mọ̀ pé ẹnìkan dúró ti Bàbá. Fi ògiri pálọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn wọn bó ṣe wà, kò sí àwọ̀ kan tó máa dára jù ú lọ. Bí o bá ti ṣe é tán, gbé e síbí kí a bá ọ wo ìwọ̀n rẹ̀ kí o tó fi ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé.