Epo tí píkọ́ọ̀pù dísẹ́ẹ̀lì ń mu bó bá ń fa caravan: ẹ sọ ìrírí tiyín

Oní-caravan, Akóbọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹni tó bá ń fi píkọ́ọ̀pù dísẹ́ẹ̀lì fa ẹrù lẹ́yìn ni mò ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹrù tó ga tó sì fẹ̀.

Caravan tòkunbọ̀ ni mo fi ń ṣòwò, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń fà lọ síbi ìsinmi, tó ní ibùsùn, ibi ìdáná àti dígí ńlá nínú. Níbí, àwọn tó ń ya fíìmù ló ń háyà rẹ̀ kí àwọn òṣèré lè ríbi pààrọ̀ aṣọ. Àwọn ìyàwó náà máa ń bèèrè fún un bí àríyá bá bọ́ sí pápá tí kò ní yàrá. Hilux dísẹ́ẹ̀lì 3.0 oníjíà ọwọ́ ló ń fà á. Caravan náà pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀ lọ, kò sì sí òkè tí Hilux yìí ò lè gbé e gùn. Epo tó ń mu ni ọ̀rọ̀ wà lé lórí.

Bí Hilux bá ń dá lọ láti Ìbàdàn sí Èkó, lítà kan ń gbé mi tó kìlómítà 11. Bí a bá so caravan mọ́ ọn, tí dẹ́rẹ́bà wà lórí eré kìlómítà 100 sí 110 ní wákàtí kan, lítà kan náà á já sí kìlómítà 5 àti ààbọ̀. Ọkọ̀ kan náà, títì kan náà, ẹsẹ̀ ẹnì kan náà. Àwọn èèyàn ní ẹrù ló wúwo. Mi ò gbà, torí mo ti di ogún àpò sìmẹ́ǹtì sẹ́yìn Hilux yìí kan náà lọ sí Ṣàgámù, tọ́ọ̀nù kan gbáko nìyẹn, epo tó mu kò sún mọ́ ti caravan rárá.

Afẹ́fẹ́ ni. Ẹ lọ dúró síwájú caravan kí ẹ wò ó dáadáa. Tèmi ga tó mítà 2.6, Hilux kò pé mítà méjì. Ó yọ sókè orí Hilux, ó yọ lọ́tùn-ún, ó yọ lósì, ògiri gbalasa ni. Ẹni tó bá ti gbé síìtì páànù sórí ọ̀kadà rí mọ ohun tí mò ń wí. Bí eré bá sì ṣe ń pọ̀ sí i, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ọkọ̀ sẹ́yìn ń ju ti eré náà lọ. Láti 80 sí 100, ó ti fi ju ìdajì lé ti tẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi máa dé 110, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.

Mo wá sọ fún dẹ́rẹ́bà pé 80 ni o, kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lítà kan ń gbé wa tó kìlómítà 7 àti ààbọ̀ báyìí. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 127, ẹ ṣírò rẹ̀: bíi lítà mẹ́fà ló ń ṣẹ́kù sínú táǹkì ní àlọ nìkan, ogún ìṣẹ́jú ó lé díẹ̀ sì ni a fi pẹ́ sí i. Láti 2022 tí dísẹ́ẹ̀lì ti ń jó wa lára, kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún 2023 pàápàá, lítà mẹ́fà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dà nù. Ní ìlú ọba tí caravan yìí ti wá, òfin wọn ò gbà kí ẹni tó ń fà á kọjá máìlì 60 ní wákàtí kan lórí mọ́tòwéè, ìyẹn bíi kìlómítà 96. Títì tiwọn sì dán ju tiwa lọ.

Ohun kan ló ṣì rú mi lójú: bí a bá ń ti Èkó bọ̀ wálé, epo tí a ń mu máa ń ju ti àlọ lọ, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Irú ọkọ̀ wo lẹ̀ ń lò, kí lẹ̀ ń fà, kí lojú yín sì ti rí?

Alóúnjẹ Adìyẹ, Mọ́níyà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé. Navara dísẹ́ẹ̀lì 2.5 ni tèmi. Oúnjẹ adìyẹ ni mo ń kó lọ sí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, inú tírélà pẹlẹbẹ kan tí kò ga ju ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ ni mo sì ń kó o sí. Bí a bá di í tán, ó máa ń tó tọ́ọ̀nù méjì, ó wúwo ju caravan yín lọ. Síbẹ̀, tí mo bá ti já sí ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́, lítà kan ń gbé mi tó kìlómítà 8, nígbà míì ó ń jù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ jàre lórí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́.

Àmọ́ inú ìgboro ni mo ti ń rí ìyà tèmi. Nígbà tí ilé ìtajà oúnjẹ adìyẹ tí mò ń bá ná ṣì wà lápá Ìwó Road, láti ibẹ̀ dé Ọ̀jọ́ọ̀, ó lè jẹ́ kí n sún, kí n dúró, kí n sún, kí n dúró. Ìgbàkígbà tí mo bá fẹ́ mú tọ́ọ̀nù méjì kúrò lójú kan, dísẹ́ẹ̀lì ló ń ṣe é. Tí mo bá sì tẹ bírékì, gbogbo iṣẹ́ tí dísẹ́ẹ̀lì ti ṣe ti di ooru lára bírékì, ó tán nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dá yín dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mọ́kọ́lá pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, ẹ ó mọ̀ pé ìwúwo náà ń jẹ epo, ibi tó ti ń jẹ tirẹ̀ ló yàtọ̀.

Ohun tí mò ń ṣe ni pé a máa ń di ẹrù lálẹ́. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, mo ti kúrò nígboro. Mo sì máa ń wo iwájú dáadáa: bí mo bá ti rí iná bírékì pupa lókèèrè, mo ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tìróótù, kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀ títí yóò fi bá wọn. Ẹni tó bá sáré débẹ̀ náà máa dúró ni.

Tíṣà, Apáta

Ẹ̀gbọ́n Akóbọ̀, ẹ jẹ́ kí n fèsì ìyẹn tó rú yín lójú, torí èmi náà ti fa ọkọ̀ ojú omi kékeré bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ rí, mo sì rí irú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ pé Ìbàdàn ga ju Èkó lọ ni. Lóòótọ́, ó fi bíi igba mítà ga jù ú. Ṣùgbọ́n kí a gbé Hilux àti caravan yín, tí wọ́n jẹ́ bíi tọ́ọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ pa pọ̀, gun igba mítà, epo tí ìyẹn máa gbà kò pé lítà kan, ká tiẹ̀ ti ka gbogbo èyí tí ẹ́ńjìnnì ń fi ṣòfò mọ́ ọn. Òkè nìkan kò lè dá a fà. Láti àríwá ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, ọ̀kánkán ibi tí ẹ kọjú sí nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ wálé nìyẹn. Bó bá ń fẹ́ pẹ̀lú kìlómítà 20, tí ọkọ̀ yín wà lórí 80, caravan yín ń gba afẹ́fẹ́ 100 sójú. Nígbà ọyẹ́, ẹ rọra lọ sí 70 tí ẹ bá ń bọ̀.

Mẹkáníìkì Dísẹ́ẹ̀lì, Ìwó Road

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo kí yín. Eré àti afẹ́fẹ́ tí ẹ ń sọ dára, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ wo ara ọkọ̀ náà wò.

Oníbàárà mi kan wà tó ń fi Hilux 2.5 fa ilé ìgbọ̀nsẹ̀ alágbèéká lọ sí òde àríyá. Ó ní ọkọ̀ ń mu epo bí ẹni pé táǹkì ń jò. Wọ́n ti sọ fún un níbòmíì pé nozzle mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn ẹnu tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì, ló máa pààrọ̀, owó ńlá sì ni. Mo ní kó so ilé náà mọ́ ọkọ̀ kó wà á dé ọ̀dọ̀ mi láti Challenge. Bó ṣe dúró, mi ò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yìn ni mo lọ, mo na ẹ̀yìn ọwọ́ sí ìdí táyà ilé náà lọ́kọ̀ọ̀kan láìfi kàn án. Ti ọ̀tún lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ti òsì gbóná débi pé nígbà tí mo wọ́n omi sí i, ó hó ṣìì. A fi jáàkì gbé e, mo fọwọ́ yí táyà, kò yí. Bírékì ibẹ̀ ti dì mọ́ ọn. Ó ti pẹ́ tí ọkọ̀ ti ń wọ́ bírékì kiri ìgboro Ìbàdàn, òun sì ń da dísẹ́ẹ̀lì sí i. A tú u, a fọ ìpata kúrò, a fi gíríìsì sí i, a sì tún un dè bó ṣe yẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó ṣí iwájú. Mo rí i pé eruku ti lẹ̀ mọ́ òróró lábẹ́ kílíìpù kan lára rọ́bà tí afẹ́fẹ́ tọ́ọ̀bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì, ń gbà kọjá. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: níbi tí eruku bá ti rí òróró lẹ̀ mọ́ lára rọ́bà yẹn, afẹ́fẹ́ ń jò níbẹ̀. Mo tú kílíìpù, rọ́bà ti là. Bí ẹrù bá wà lẹ́yìn, tí a tẹ tìróótù, afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wọ ẹ́ńjìnnì á gba ibẹ̀ jáde, dísẹ́ẹ̀lì ò ní rí afẹ́fẹ́ tó láti fi jó tán, èéfín dúdú ló sì máa bá jáde. Epo tẹ́ ẹ fowó rà ni èéfín dúdú yẹn. Rọ́bà nìkan la pààrọ̀, a ò fọwọ́ kan nozzle.

Dísẹ́ẹ̀lì ló yẹ kéèyàn máa fi fa ẹrù, òun ni mo máa ń gbà yín nímọ̀ràn láti rà. Agbára inú lítà rẹ̀ kan fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ ju ti bẹntiróòlù. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ra títí tó fi máa gbóná débi pé epo á gbiná fúnra rẹ̀ láìsí púlọ́ọ̀gì. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ ìdọ̀tí. Ẹ máa ṣí ìdí fílítà dísẹ́ẹ̀lì kí omi ibẹ̀ jáde, torí omi wúwo ju dísẹ́ẹ̀lì lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń rọ̀ sí. Ẹ má sì gba dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n lú mọ́ kẹrosíìnì nítorí pé ó dín owó: kì í yọ̀ tó dísẹ́ẹ̀lì gidi, ó máa jẹ pọ́ǹpù àti nozzle yín. Ní ti táyà tírélà, ẹ jẹ́ kí vọ́kánáísà fi géèjì wò ó. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ ń fi ẹsẹ̀ ta á, wọ́n ní ó le.

Ìyá Alásè, Bódìjà

Ẹ ṣeun, ọ̀gá mẹkáníìkì. Mo ní ilé ìdáná onítáyà tí L200 dísẹ́ẹ̀lì ń fà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka kìlómítà sórí lítà, ṣé ó dá yín lójú pé lítà tí ẹ san owó rẹ̀ lẹ gbà? Ní ilé epo kan tí n ò ní dárúkọ, pọ́ǹpù wọn kọ 27 nígbà tí kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mi ò tíì kún. Ó dùn mí gan-an, torí dẹ́rẹ́bà mi ni mo ti ń fura sí, ọmọ náà ò sì mú nǹkan kan. Láti ìgbà náà, ilé epo kan, pọ́ǹpù kan. A máa kún táǹkì títí yóò fi já fúnra rẹ̀, a kọ nọ́ńbà kìlómítà sínú ìwé. Tí a bá dé, ibẹ̀ náà la máa tún kún un. Lítà tó bá gbà ni mo fi ń pín kìlómítà. Tó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ fi ń ṣírò, kò lè tọ̀nà.

Ọmọ Òjé, Houston

Mo kí gbogbo yín láti Texas. Ram 2500 tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ Cummins dísẹ́ẹ̀lì 6.7 ni mo ń wà, mo sì máa ń fi fa camper ńlá ti ìdílé wa, ó ju tọ́ọ̀nù márùn-ún lọ. Ní òfìfo, mo ń rí máìlì 17 tàbí 18 lórí gálọ̀nù kan. Tí mo bá fa camper, ó máa ń wà ní àyíká 10. Ẹ fi sí ti wa nílé: kìlómítà 4 ó lé díẹ̀ ni lítà kan ń gbé. Ẹ̀gbọ́n Akóbọ̀, ẹ kò burú o!

Ibí náà, eré ni. Títì gbà wá láyè láti sá máìlì 75, ṣùgbọ́n ní 65 mo máa ń rí ìyàtọ̀ nínú táǹkì, ọ̀pọ̀ táyà camper náà ò sì ṣe fún ju 65 lọ. Tí mo bá kọjú sí afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn Texas, mo lè já sí máìlì 8 lórí gálọ̀nù kan. Bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n ń pè ní tow/haul tí àwọn kan rò pé ó ń dín epo kù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí jíà má máa pààrọ̀ ṣáá, kí ẹ́ńjìnnì sì bá bírékì dá ọkọ̀ dúró nígbà tí a bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè.

Ẹ tún ṣọ́ra bí ẹ bá ń ka ohun tí àwọn òyìnbó kọ. Gálọ̀nù Amẹ́ríkà jẹ́ lítà 3.785, ti ìlú ọba jẹ́ 4.546. Ẹni tó ń rí 24 lọ́hùn-ún àti ẹni tó ń rí 20 níbí, epo kan náà ni wọ́n ń mu.

Oní-caravan, Akóbọ̀

Ẹ ṣeun gan-an ni. Tíṣà, ẹ ti yanjú rẹ̀ fún mi, 70 ni nígbà ọyẹ́. Ìyá wa Bódìjà, a ti ra ìwé tiwa. Ọ̀gá mẹkáníìkì, caravan ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ Ajé, ìdí táyà rẹ̀ mẹ́jèèjì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ètò tí èmi àti dẹ́rẹ́bà mi ṣe rèé, bóyá yóò wúlò fún ẹlòmíì: kìlómítà 6 sí lítà kan ni mo fi ń ṣírò epo tí mo ń fún un. Tó bá rọra wà á tí epo sì ṣẹ́kù, ìdajì owó rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Láti ìgbà náà, n kì í rán an létí 80 mọ́.

Ẹ̀yin ará Mọ́níyà, báwo ni ọ̀nà Ìṣẹ́yìn ṣe rí báyìí? Àwọn onífíìmù fẹ́ ká gbé e lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá 6 yẹn máa tó.