Báwo lẹ ṣe ń gba ìtàn ilé lẹ́nu àwọn àgbà láti ọ̀nà jíjìn?

Ìyá Àdùkẹ́ (Manchester): Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìyá àgbà wa ní Ogbómọ̀ṣọ́ ti dàgbà gan-an, ọmọ mi sì fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe gbọ́ Twi, èdè àwọn ará Ghana. Mo pè wọ́n lórí WhatsApp, mo ní kí wọ́n sọ ìtàn ilé wa fún mi. Wọ́n ní, "Ìtàn wo? Àlàáfíà la wà." Kí lẹ ń ṣe tí tiyín fi ń sọ̀rọ̀?

Bàbá Ayọ̀ (Houston): Ẹ kú ìtọ́jú wọn, Ìyá Àdùkẹ́. "Ìtàn ilé wa" ti pọ̀ jù láti fi bi àgbà. Ẹ bi wọ́n pé ẹrù wo ni wọ́n dì lọ́jọ́ tí wọ́n ń bọ̀ láti Ghana. Ọ̀pọ̀ ará Ogbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣòwò ní Kumasi àti Tamale ló padà wálé nígbà tí ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ lóṣù kọkànlá ọdún 1969 pé àjèjì tí kò bá níwèé ìgbélùú gbọ́dọ̀ kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin kì í dáhùn "ọdún wo". Ìgbà tí mo béèrè ẹrù, ẹnu wọn là: àwo tánganran tó fọ́ lójú ọ̀nà, máṣíìnì ìránṣọ tí wọ́n tà ní ìdajì owó torí àyè ò sí nínú lọ́rì, oníbàárà tó jẹ wọ́n lówó tí wọn ò rí i gbà dòní. Ibẹ̀ ni orúkọ aládùúgbò àti orúkọ ọmọ tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn ti jáde.

Ní ti ọdún, ìṣẹ̀lẹ̀ lẹ ó fi mú un. Ṣé ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà ti parí kí wọ́n tó délé? Ṣé mọ́tò ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà (1972)? Ṣé owó ti di náírà (1973)?

Ẹ má sì gbára lé fídíò. Ẹ fi owó dátà ránṣẹ́ sí ọmọ ilé kan, kó jókòó tì wọ́n lẹ́yìn ìrun alásárì, kó gbé fóònù sórí àpótí, kó pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí ìpè má baà já a, kó wá gba ohùn wọn sílẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀yọ́ (Toronto): Bàbá Ayọ̀, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un: àwọn baálé nìkan ni ọ̀pọ̀ wa ń bi. Lọ́dọ̀ wa ní Ọ̀yọ́, àwọn ìyàwó ilé ni oríkì pọ̀ sí lẹ́nu jù, torí àwọn ló ń fi kí ọkọ àtọmọ láràárọ̀. Àwọn tó sun ẹkún ìyàwó kí wọ́n tó relé ọkọ ṣì ń rántí rẹ̀. Mo ní kí ìyá ọkọ mi kí ọmọ mi lórí fóònù. Bí wọ́n ṣe pè é ní ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí, ọmọ náà béèrè ta ni Ẹ̀ṣọ́. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀: àwọn jagunjagun Aláàfin, Ìkòyí àtijọ́ tí ogun tú, àti baba ńlá tó kó ìyàwó àtọmọ sá wá. Èmi ti ń béèrè tipẹ́, wọn ò sọ ọ́ fún mi rí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fẹnu ara wọn béèrè.

Bàbá Ayọ̀: Òótọ́ lẹ sọ. WhatsApp kì í ṣe ibi ìpamọ́ o. Bí fóònù bá sọnù, ohùn lè bá a lọ. Ẹ gbé e sórí Google Drive, kẹ́ ẹ kọ orúkọ àgbà, orúkọ ilé, ọjọ́ àti ohun tí wọ́n sọ sí i lórí. Ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó pín in. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ogún, ọ̀rọ̀ ta ló bí ta, ẹ má gbé e sí gúrúùpù ẹbí láìgbàṣẹ. Ó ti tú ilé ká lójú mi.

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ kú àdúrótì mi. Àbúrò mi lọ bá wọn lánàá, ó béèrè ẹrù. Wọ́n ní agbada àkàrà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé, wọ́n sì dárúkọ àwọn tí wọ́n jọ ń tajà nínú Zongo, àdúgbò àwọn àlejò, ní Kumasi. Díẹ̀ nínú orúkọ náà ò yé mi. Ta ni ẹbí rẹ̀ gbé Kumasi níbí, kí n fi ohùn náà ránṣẹ́ sí i? Ìyá ti fọwọ́ sí i.