"Omi ìtútù" àti "adíjò": ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tuntun sán búlọ́ọ̀kì fún wa

Ẹ̀yin ojúgbà mi,

Ẹni tó kọ àlàyé lórí bí a ṣe ń tún ibi tó ń jò ṣe lára ẹ́ńjìnì ọkọ̀ àtijọ́ ṣiṣẹ́, mi ò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ "omi ìtútù" tó dá fún kúláńtì (coolant), èyí tí wọ́n ń bù sínú rédíétọ̀ kí ẹ́ńjìnì má bàa gbóná jù, àti "adíjò" tó dá fún oògùn tí wọ́n ń dà sínú rédíétọ̀ kó lè dí ihò, méjèèjì ò ṣeé gbé mì.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohùn. Tutù ni ọ̀rọ̀-ìṣe, tútù ni ọ̀rọ̀-àpèjúwe. Bí ẹ bá fi ì- síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, ìtutù lẹ máa rí. Níbo ni ohùn òkè ti wọ "ìtútù"? Kódà bí a bá tún un ṣe, ẹ sáré pe "omi ìtutù" kí ẹ gbọ́ ohun tí etí máa gbé: omi tútù. Ẹ wá wo ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ní kó bu omi ìtutù sínú ẹ́ńjìnì tó ń hó. Omi tútù ni yóò bù sí i. Ibi tí omi bá kàn lára irin yóò sún kì lójijì, ibi tí kò kàn ò ní sún, orí sílíńdà tàbí búlọ́ọ̀kì (ara ẹ́ńjìnì gan-an) á sì sán. Ohun tó yẹ kó ṣe ni pé kó pa ẹ́ńjìnì, kó jẹ́ kó tutù títí ọwọ́ á fi gba orí rédíétọ̀, kó fi àkísà yí ìdérí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí agbára inú rẹ̀ jáde tán, kó tó bu ohunkóhun sí i.

Ọ̀rọ̀ "omi" gan-an ò mọ́. Ìdajì ohun tó wà níbẹ̀ ni omi, ìdajì yòókù ni ethylene glycol, èyí tó dùn lẹ́nu tó sì ń pa ajá tó bá lá a. Ẹ pè é lómi tán, ẹnì kan á gbé e kalẹ̀ sínú abọ́.

Ẹlòmíràn ní àwọn àgbà ti yanjú rẹ̀ fún wa: wọ́n dá amúlétutù, kí ló dé tí a ò ní ní amẹ́ńjìnìtutù? Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó dá asọ̀rọ̀mágbèsì, iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe ni wọ́n wò kí wọ́n tó lanu. Kúláńtì kì í sọ ẹ́ńjìnì di tútù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, tẹmosítáàtì, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dí ọ̀nà kúláńtì lọ sí rédíétọ̀, kì í ṣí títí kúláńtì yóò fi gbóná tó nǹkan bí 82°C, torí ẹ́ńjìnì tó bá tutù jù á máa mu epo, sílíńdà rẹ̀ á sì máa tètè jẹ. Ooru ló ń gbé kúrò lára sílíńdà lọ bá rédíétọ̀, kí afẹ́fẹ́ gbà á níbẹ̀. Agbóoru ni: a-gbé-ooru. Ẹni tó ní afẹ́fẹ́ náà ń gbé ooru, pàápàá nínú Volkswagen Beetle àtijọ́ tí kò lo omi rárá, nítorí náà ká máa pe tiwa ní "agbóoru olómi", ṣé ó rí i pé òun ti dá "omi" padà? Ẹni tó sì mú "ẹ̀rọ̀ ẹ̀rọ" wá, eré ọ̀rọ̀ ni. Ẹ̀rọ̀ ni ti ìgbín. Bí ẹ bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n kà.

"Adíjò" ńkọ́? Dí ń fẹ́ àbọ̀. Bí a bá to dí àti jò tẹ̀ lé ara wọn, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ó dí, ó sì tún jò. Láìmọ̀, ó ti sọ òtítọ́ nípa oògùn náà, torí kó tó dé ojú ihò, ó lè ti dí àwọn ọ̀nà tóóró inú rédíétọ̀. Bó bá jẹ́ dandan, adíhò.

Èyí tó bí mi nínú jù ni pé ibi méjì ni ẹni tó kọ àlàyé náà ti kọ "ó ń jó" níbi tí "ó ń jò" yẹ kó wà. Nínú iṣẹ́ yìí, ohùn ló ń sọ àrùn. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó tẹ́ sáàárín búlọ́ọ̀kì àti orí sílíńdà, ló ń jó. Bó bá ti jó, ẹ ó rí i tí rédíétọ̀ ń hó kùṣùkùṣù nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, èéfín funfun tí kò dá bí ó tilẹ̀ ti gbóná, àti ọ́ìlì tó di funfun. Ẹ tú u, ẹ yẹ ojú orí sílíńdà wò bóyá ó ti wọ́, ẹ fi tuntun sí i, kí ẹ sì máa mú bóòtù le láti àárín bọ̀ síta, díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Wọ́tà pọ́m̀pù, èyí tó ń ti kúláńtì yípo, ló ń jò. Ihò kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí àwọn tó ṣe é dìídì dá síbẹ̀. Bí omi bá ń kán níbẹ̀, síìlì inú rẹ̀ tó ń dá omi dúró ti jẹ. Ẹ má dí ihò yẹn! Omi á gba inú béárìn (bearing) rẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ojú ibi tó ń jò, ẹ fi pọ́m̀pù ìdánwò fẹ́ atẹ́gùn sí i títí dé iye tí wọ́n kọ sára ìdérí rédíétọ̀, kẹ́ ẹ dúró níbẹ̀. Bó bá jẹ́ 7 psi (ìwọ̀n agbára atẹ́gùn), 7 ni. 15 tí ọkọ̀ òde òní ń gbà lè tú ojú ibi tí wọ́n fi òjé jó pọ̀ lára rédíétọ̀ onídẹ.

Ó tún pe àwọn àwo irin kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ búlọ́ọ̀kì ní "ìdí yìnyín" (freeze plug lédè Òyìnbó). Ìdí ta ni? Ihò tí wọ́n gbà kó yanrìn jáde nígbà tí wọ́n ń rọ búlọ́ọ̀kì ni wọ́n fi í dí. Ti yìnyín kọ́. Inú ló ti máa ń dípẹtà, ẹ ò ní rí i àfi ìgbà tó bá lu. Ẹ fi òòlù lu etí rẹ̀ kan kó yí, ẹ fi púláyà fà á jáde, ẹ fi sáńpépà fọ ojú ihò títí irin á fi dán, ẹ fi gọ́ọ̀mù pa etí tuntun, kí ẹ wá fi sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wọ inú rẹ̀ déédéé gbá a wọlé ní gígún.

Ẹni tó ní ẹnu àgbà mẹkáníìkì kan lòun ti gbọ́ "omi ìtútù", kó sọ fún wa bóyá àgbà náà pe ohùn òkè yẹn, tàbí òun ló fi sí i.