Atisbo: ilẹ̀ rẹpẹtẹ, èèyàn kéréje. Ẹ wá sọ ìrírí yín

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì

Mo wà lára àwọn tó ka èèyàn lọ́dún 2006 ní Atisbo, ìjọba ìbílẹ̀ wa ní Òkè-Ògùn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọjọ́ 21 oṣù Ẹrẹ́nà la bẹ̀rẹ̀, ìjọba sì ní kí oníkálukú jókòó sílé. Ilé wo? Ìgbà yẹn gan-an ni àgbẹ̀ Òkè-Ògùn ń bá ebè iṣu jà. Ẹ kanlẹ̀kùn ní Tédé, ìyá arúgbó nìkan lẹ máa bá: "Oko ni wọ́n wà o, ọmọ mi." Oko tí ìyá ń wí kì í ṣe àlọ-àbọ̀ òòjọ́. Abà ni. Wọ́n ti kọ́lé síbẹ̀, wọ́n ti bímọ síbẹ̀.

Ibi tí a bá ti bá èèyàn la ti ń kà á. Ọmọ Tédé tó wà l'Ékòó, Èkó ló ni ín. Ará Ègédé láti ìpínlẹ̀ Benue tó wá dáko lọ́dọ̀ wa, tiwa ni. A ò béèrè ẹ̀yà, a ò béèrè ẹ̀sìn. Síbẹ̀, bí ọ̀kadà bá ti gbé wa wọ abà, àwọn bàbá á ti fura: "Ṣé owó-orí lẹ tún bá dé?"

Ìyá kan ò jẹ́ kí n ka ọmọ rẹ̀ rárá. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo bá ní kí ó kàn máa pè wọ́n lórúkọ fún mi. Ó pè wọ́n títí, èmi ń kọ ọ́. Kò kúkú sẹ́ni tó ka ẹnikẹ́ni.

Èèyàn 110,792 ni wọ́n kéde fún gbogbo Atisbo, lórí ilẹ̀ tó tó 2,997 kìlómítà onígun mẹ́rin.

Ọmọ Àgọ́-Àrẹ tó ń gbé Èkó

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ Èkó ò ju nǹkan bíi 3,500 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ o, ìkànìyàn kan náà sì rí èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 9 níbẹ̀! Tiwa ò tó èèyàn 40 lórí kìlómítà onígun mẹ́rin kan. Bí owó tí ìjọba àpapọ̀ ń pín l'Ábújá bá dé, ìdá 30 nínú 100 ni wọ́n ń fi iye èèyàn pín. Ilẹ̀ fífẹ̀ àti bí ilẹ̀ ṣe rí ò ju ìdá 10 lọ. Ta wá ni yóò la ọ̀nà dé abà?

Nọ́ọ̀sì abẹ́rẹ́ àjẹsára

Àwa tí à ń fún ọmọdé ní oògùn àjẹsára rọpárọsẹ̀ lẹ́nu, gàá Fúlàní ló ń dán wa wò. Abà kì í rìn, gàá ń rìn. Ẹ gbé kúlà dé ibi tí ẹ ti sàmì sí ọmọ níka nígbà tó kọjá, ẹ bá eérú nìkan. Wọ́n ti tẹ̀ lé omi àti koríko lọ. Nígbà òjò ẹ̀wẹ̀, bí Ọ̀fíkì àti àwọn odò kéékèèké bá kún, ẹ óò máa wo gàá lódìkejì láìrí ọ̀nà dé ọ̀hún.

Mo máa ń bi baálẹ̀ tẹ́lẹ̀, "wọ́n ti lọ" ni ìdáhùn wọn. Ní báyìí, ọjọ́ ọjà ni mo ń dúró dè. Àwọn obìnrin oníwàrà mọ ibi tí gàá kọ̀ọ̀kan ṣí lọ, wọ́n sì mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ra wàrà o, kẹ́ ẹ tó béèrè.