Kí a má pè é ní "lésà aláwọ̀ méjì"

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Kàbà. Òkun o.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìsánlú dábàá pé kí lésà inú ṣípù tó ń tan ìmọ́lẹ̀ onígígùn ìgbì méjì lẹ́ẹ̀kan náà máa jẹ́ "lésà aláwọ̀ méjì". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ọn. Gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n sábà ń lò nínú irú lésà bẹ́ẹ̀ wà ní nǹkan bí i nanomítà 1550 (bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ẹyọ kan ni nanomítà), ojú èèyàn kò sì rí i. Ohun tí ojú kò rí, àwọ̀ wo ló ní?

Àwọ̀ kọ́ sì ni iṣẹ́ rẹ̀, ìyàtọ̀ ni. Bí ọ̀kan bá wà ní 1550, tí èkejì wà ní 1558, ìyàtọ̀ ìmì wọn, ìyẹn iye ìgbà tí ìgbì ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á tó terahertz kan, èyí tó jẹ́ ìgbà tírílíọ̀nù kan. Ìgbì bẹ́ẹ̀ wà láàárín ti rédíò àti ti ooru, ó sì ṣòro láti pèsè ní tààrà. Wọ́n á tan méjèèjì pọ̀ sórí ohun tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná mànàmáná, iná náà á máa wú, á máa rọlẹ̀ ní ìwọ̀n ìyàtọ̀ yẹn, eríàlì kékeré á sì fọ́n ọn jáde.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ wa àti ti aládùúgbò jọ ń ṣiṣẹ́. Mo dúró lẹ́yìnkùlé, mo ń gbọ́ "wùùù… wùùù". Bí aládùúgbò ṣe pa tirẹ̀ báyìí, wíwú náà dáwọ́ dúró, tiwa ń dún gbọọrọ lọ. Ìyàtọ̀ eré àwọn méjèèjì ni etí mi ti ń gbọ́. Ìdí nìyí tí mo fi mú "ìwúrọlẹ̀" wá fún wíwú àti rírọlẹ̀ yìí, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "beat". Àwọn tó ń kọ "ìlù" kàn tẹ̀ lé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ta ló lu kí ni níbẹ̀?

Ṣùgbọ́n wíwú ti alẹ́ ọjọ́ yẹn kò dúró lójú kan. Ó ń yá, ó tún ń falẹ̀, torí ẹ́ńjìnnì kálukú ń ṣe tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni lésà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀kan á gbóná, èkejì kò ní gbóná, ìyàtọ̀ wọn á máa rìn kiri. Bí ìmọ́lẹ̀ méjèèjì bá ti inú ṣípù kan jáde, ooru tó sún ọ̀kan á sún èkejì, ìyàtọ̀ wọn á sì dúró dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú kan ló bí wọn. "Lésà ìbejì" ni mo fọwọ́ sí.

Ẹnì kan lè ní ìbejì máa ń jọra jù. Táíwò kì í ṣe Kẹ́hìndé. Ọ̀kan ló ń ṣáájú, bí 1550 ṣe ṣáájú 1558. Lésà méjì tí a kàn gbé síra wọn, kí ìyẹn máa jẹ́ "lésà méjì" lásán.

Bí ará Bùnú tàbí Ìjùmú kan bá ní ọ̀rọ̀ àbáláyé fún ohùn tó ń wú tó ń rọlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un wá kí a tó kọ "ìwúrọlẹ̀" sílẹ̀.