Àmì wo lẹ ṣe sára ajá yín tí olè ò lè bọ́?

Ìyá Tanímọ̀la: Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́. Wọ́n jí Tanímọ̀la, ajá mi, gbé lẹ́nu ọ̀nà wa ní Ọ̀bà-Ilé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń wá a kiri, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ọlọ́kadà kan ló sọ pé òun rí ajá tó jọ ọ́ ní Ìjọ̀kà. Mo débẹ̀, òun ni! Ẹsẹ̀ iwájú òsì funfun bí ẹni pé ó ki í bọ ẹ̀kọ. Bó ṣe rí mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìrù, tó ń ké. Bàbá tó ni ilé ní òun rà á lọ́wọ́ ẹnì kan ní Ọjà Ọba, pé ajá èyíkéyìí á ju ìrù sí ẹni tó bá mú búrẹ́dì lọ́wọ́. Búrẹ́dì sì wà lọ́wọ́ mi lóòótọ́. Bẹ́líìtì ọrùn rẹ̀ tí mo kọ nọ́ńbà fóònù mi sí, wọ́n ti bọ́ ọ sọ nù. Àpá kan lábẹ́ àgbọ̀n ló gbà mí, ibi tí wáyà ti ya á nígbà tó wà lọ́mọ oṣù mẹ́rin. Mo ti sọ ọ́ fún wọn kí ẹnikẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bàbá náà fọwọ́ kàn án, ó bá dákẹ́. Mo san owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún un, mo mú ajá mi lọ. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé àpá mọ́. Kí lẹ̀yin ṣe sí tiyín?

Sábó Bọ́ì: Ẹ san owó oúnjẹ fún olè?

Ìyá Tanímọ̀la: Kò jí i, ó rà á ni. Ajá náà sì sanra nígbà tí mo gbà á.

Màmá Ìbejì: Ẹni tó bá ra ajá ńlá láìbéèrè ibi tó ti wá, mi ò mọ orúkọ tí màá pè é.

Nọ́ọ̀sì Ẹranko: Mo ń bá dókítà ẹranko ṣiṣẹ́ ní Alágbàká. Microchip ni kẹ́ ẹ ṣe, ìyá, ẹ̀rọ kékeré kan tó ní nọ́ńbà nínú. Kò ju hóró ìrẹsì kan lọ. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń tì í sábẹ́ awọ láàárín èjìká méjèèjì. Ẹyọ 15 ni nọ́ńbà inú rẹ̀, kò ní bátìrì, kò sì ní gbó títí ọjọ́ ayé ajá.

Sábó Bọ́ì: Tí wọ́n bá ti jí i, màá kàn ṣí fóònù mi, màá sì rí ibi tó wà nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì Ẹranko: Rárá o. Ohun tí gbogbo èèyàn ń rò nìyẹn. Kì í tọpa ajá. Àfi kí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń kà á sún mọ́ ara rẹ̀ kó tó sọ nọ́ńbà.

Sábó Bọ́ì: Ta ló ní ẹ̀rọ yẹn ní Ìjọ̀kà?

Ọmọ Ìjàpọ̀: Àwa ṣe é torí ìrìn àjò, nígbà tí à ń mú ajá wa lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Lọ́ńdọ́nù. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: dókítà tó tọ́jú rẹ̀ gún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kó tó fi microchip sí i. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ yẹn ò kà! A tún un gún. Ó pé 30 ọjọ́ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, a tún wá dúró oṣù mẹ́ta gbáko lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún lórí fóònù. Microchip ni kó kọ́kọ́ wọlé, abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àtọdún 2016 ni òfin ti ní kí gbogbo ajá ní in.

Bàbá Fínfín: Fínfín lèmi ṣe. Wọ́n kùn ún lóorun, wọ́n fín nọ́ńbà sínú itan rẹ̀. Mo ní kí wọ́n má fín in sétí torí olè lè gé etí. Ṣùgbọ́n awọ inú itan rẹ̀ dúdú. Kó tó pé ọdún méjì, 3 ti ń jọ 8. Mo ní láti fá irun ibẹ̀ kí n tó lè kà á. Ó dùn mí, torí ajá náà jìyà lásán.

Ọmọ Ọdẹ Ìdànrè: Bàbá mi máa ń gé ṣóńṣó etí ajá díẹ̀. Gbogbo ọdẹ àdúgbò ló mọ àmì ara wọn.

Màmá Ìbejì: Ìkà nìyẹn.

Ọmọ Ọdẹ Ìdànrè: Bàbá mi kì í jẹun kí ajá rẹ̀ tó jẹ. Ẹ má pè é ní ìkà.

Màmá Ìbejì: Ó dáa, mo tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ẹ má gé ti ìsinsìnyí.

Ọmọ Ọdẹ Ìdànrè: Ti ìsinsìnyí ò gbọ́ fèrè ọdẹ pàápàá, tẹlifíṣọ̀n ló ń wò.

Ayọ̀ Òdá: Tèmi ò kọjá pé tí ọdún Ògún bá ti ń sún mọ́lé ní Oǹdó, ajá mi ò ní yọjú síta.

Ará Yába Oǹdó: Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bọ Ògún á fowó ra ajá. Ta ló fẹ́ fi ohun olè bọ Ògún, òun Ògún tí wọ́n fi ń búra ní kóòtù? Ajá mẹ́rin ló wà nílé wa, orí àga ni wọ́n ń sùn.

Ayọ̀ Òdá: Mi ò ní gbogbo Oǹdó. Àwọn tó ń jí i tà ni mò ń wí.

Ará Yába Oǹdó: Àkúrẹ́ ni wọ́n ti jí ti ìyá yìí, Àkúrẹ́ náà ni wọ́n ti tà á.

Nọ́ọ̀sì Ẹranko: Ẹ jẹ́ ká padà sọ́rọ̀ ìyá. Ẹ̀yin ará Sábó, òótọ́ ni pé ẹ̀rọ yẹn ò pọ̀. Bẹ́líìtì tó ní nọ́ńbà fóònù ló ń jẹ́ kí ẹni tó rí ajá pè yín. Microchip, ọjọ́ àríyànjiyàn ló wà fún, bíi ti Ìjọ̀kà yẹn. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá dókítà ní ẹ̀rọ tó ń kà á. Kó kà á lójú yín kó tó gún un, kó tún kà á lẹ́yìn rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì fi nọ́ńbà náà sórúkọ yín ní àkọsílẹ̀ tó ń tọ́jú irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, torí tí kò bá sórúkọ níbẹ̀, nọ́ńbà lásán ni.

Ìyá Tanímọ̀la: Ẹ ṣé gan-an. A ti ṣe é láàárọ̀ yìí. Abẹ́rẹ́ náà nípọn, ó bà mí lẹ́rù jù ú lọ. Ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó bá yíjú sí búrẹ́dì. Nọ́ńbà ẹlẹ́yọ 15 náà ti wà lẹ́yìn káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ àti nínú fóònù mi, orúkọ mi sì ti wọlé. Mo ra bẹ́líìtì tuntun pẹ̀lú.

Bàbá Ìjọ̀kà pè mí lọ́sàn-án yìí. Ó ní ṣé Jáàkì ti jẹun. Jáàkì ló ń pè é.